Ìwádìí Ìtàn àti Ìtọ́sọ́nà Àgbà ní Yunifásítì Kékeré: Láti Ìbàdàn dé Ìkọ̀lé-Èkìtì

1. Ìfáárà
Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀nà tí yunifásítì kékeré fi lè di ojúkò ìwádìí wò. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé owó àti ọ̀pọ̀ èrò nìkan ni ó ń mú un rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìtàn ní Ìbàdàn kò fara mọ́ èyí.

2. Ìbàdàn nígbà tí ó kéré
Akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì wà títí di 1962. Níbẹ̀ ni K. Onwuka Dike ti la ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àkójọ: láti 1951 ni ó ti ń wá àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ kiri, èyí tí ó bí Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti Nàìjíríà. Èkejì ni àwùjọ: òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1955. Ẹ̀kẹta ni ìtẹ̀jáde: ó ṣe olóòtú ọ̀wọ́ ìwé tí ó sọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ di ìwé kíkà.

J. F. Adé Àjàyí, tí a bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ní 1929, darapọ̀ mọ́ Ẹ̀ka náà ní 1958, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1963. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì jáde nínú ọ̀wọ́ yìí ní 1965. S. Adébánjí Akíntóyè, ọmọ Adó-Èkìtì, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn ní 1966. Ní 1971, iṣẹ́ rẹ̀ lórí Èkìtìparapọ̀ àti ogun Kírìjì (1877–1893) jáde nínú ọ̀wọ́ kan náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

3. Àríwá Èkìtì
Ó di dandan fún Àjàyí láti kúrò ní Ìkọ̀lé lọ sí Adó, Èkó, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó di onímọ̀ ìtàn. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, ọgbà rẹ̀ kejì sì wà ní Ìkọ̀lé. Ìtàn ìtẹ̀dó, oríkì ìlú àti ìtàn ìdílé ọba ti wá wà nítòsí akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìtòsí kì í ṣe ìwádìí. Ìdílé tí oyè tọ́ sí a máa sọ ìtàn gbe ara rẹ̀; akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní atọ́nà yóò kàn kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ alámòójútó ni láti kọ́ ọ bí a ti ń fi ẹnu kan wọn èkejì, tí a sì ń fi ìwé ìjọba dán méjèèjì wò.

4. Àgbálọgbábọ̀
Ohun tí ó gbé Ìbàdàn ga kì í ṣe títóbi. Àkójọ, àwùjọ àti ìtẹ̀jáde lábẹ́ ojú àgbà ni. Àjàyí papòdà ní 2014. Àwọn arúgbó tí ìtàn wà lẹ́nu wọn náà ń lọ. Bí a kò bá tètè so ọ̀dọ́ olùwádìí mọ́ atọ́nà, inú ilẹ̀ ni ìtàn náà yóò bá wọn wọ̀.