Bí Òkúta Dáyámọ́ńdì Ṣe Gba Onírúurú Ìrísí, àti Bí Ó Ṣe Dé Orí Òrùka Ìdána Wa

Ní àdúgbò Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn Mesiọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, níbi tí àwọn òyìnbó ìjọba ti kọ́kọ́ kọ́ ilé gbígbòòrò sábẹ́ igi ńláńlá kí àwọn ọmọ wa tó gba ipò lọ́wọ́ wọn, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti wà lórí òkè rẹ̀ láti ọdún 1954, tí púpọ̀ nínú ìwé tí àwa ọmọ Yorùbá fi mọ̀wé sì ti ilé ìtẹ̀wé ibẹ̀ jáde, àsìkò kan wà nínú ìdána tí ariwo ìlù máa ń rọlẹ̀. Alága ìjókòó ni yóò ní kí ìyàwó rìn yí ẹrù ìdána ká, kí ó mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù lọ níbẹ̀. Ìyàwó yóò fojú fo iṣu, yóò fojú fo oyin, obì àti àpótí aṣọ, Bíbélì tàbí Kùránì ni yóò gbé, nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n so òrùka mọ́. Bí ọkọ bá ti fi òrùka náà sí i níka tán, gbogbo ojú a rọ́ lọ sórí òkúta tó ń kọ mànà níbẹ̀, wọn a sì máa bi ara wọn léèrè bóyá róbótó ni, tàbí onígun mẹ́rin, tàbí èyí tó gùn bí ẹyin. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ẹni tí yóò sì mọ iyì òkúta yìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí ìrísí rẹ̀ ṣe ṣẹ̀, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣàdéédé wá: irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ̀nà, irú iná tí ayé ń tàn lóru, àti bí òkúta fúnra rẹ̀ ti rí nígbà tó jáde nínú ilẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkúta iyebíye ṣàjèjì sí ìran wa. Iyùn, sẹ̀gi àti àkún ni a fi ń mọ ọba àti ìjòyè látijọ́. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, àwọn baba wa ti ń yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ní Ìlọrin sì ń yún òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní lántànà títí yóò fi máa dán gbinrin. Kí a fi òrùka de àdéhùn ìgbéyàwó ni àṣà tuntun. Ọdún 1853 ni David àti Anna Hinderer ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn, ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì sì tẹ̀lé wọn wọlé. Ní 1884 ni wọ́n ṣe òfin ìgbéyàwó alárédè fún Èkó. Nígbà tí Yunifásítì sì dé Ìbàdàn ní 1948, àwọn ọmọ wa tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ní ọ́fíìsì ìjọba, tí wọ́n ń gbé Jẹ́ríkò, Àgòdì àti Bódìjà, wà lára àwọn tó mú òrùka olókùúta kún àṣà ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òkúta náà fúnra rẹ̀. Dáyámọ́ńdì ló le jù lọ nínú gbogbo òkúta tó ń ti inú ilẹ̀ jáde, lúbúlúbú dáyámọ́ńdì ni wọ́n sì fi ń yún dáyámọ́ńdì ẹgbẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Íńdíà ni gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbójú lé fún un, títí wọ́n fi rí i ní Brazil láàárín 1720 sí 1730. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa jáde pẹ̀lú ojú mẹ́jọ, bí òrùlé ṣóńṣó méjì tó kọ ìdí síra wọn, ìdí sì nìyí tí àwọn oníṣọ̀nà Yúróòpù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá kò fi ṣe ju pé kí wọ́n dán ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ, kí wọ́n sì fi ṣóńṣó rẹ̀ sílẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ti dá a. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n yún ṣóńṣó orí rẹ̀ dànù, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lókè. Ní 1477 ni Maximilian ti Austria fi òrùka dáyámọ́ńdì fún Mary ti Burgundy, tí í ṣe àfẹ́sọ́nà rẹ̀, òrùka yìí ni àwọn òpìtàn sì máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń wá orísun àṣà náà. Lẹ́yìn náà ni gígé kan dé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, tí orí rẹ̀ wú sókè pẹ̀lú àwọn ojú onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi òdòdó róòsì pè. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, wọ́n mọ bí a ti ń gé ojú púpọ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀ òkúta. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gé e, wọn a sì tẹ̀lé bí òkúta ti rí kí ó má baà ṣòfò, nítorí náà onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ dẹ̀ bíi tìmùtìmù ni ó máa ń dà. Lábẹ́ iná àbẹ́là ni ó ti máa ń tàn jù, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní cushion lónìí.

Róbótó tí ayé ń fẹ́ jù pẹ́ kó tó dé. Wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Gúúsù Áfíríkà ní 1867, òkúta wá pọ̀. Ní ẹ̀wádún tó tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ Henry Morse ní Boston ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ ara òkúta di róbótó gidi. Ní 1919, Marcel Tolkowsky, ọmọ ìdílé agédáyámọ́ńdì láti Antwerp, tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti fi ìṣirò hàn bí ó ṣe yẹ kí ojú kọ̀ọ̀kan dẹ̀gbẹ́ sí èkejì kí ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú òkúta má baà jò lọ nísàlẹ̀, kí ó lè padà jáde lókè. Ojú 58 ni róbótó yìí ń ní, ìdajì òkúta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì lè bá gígé rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó mú un wọ́n ju àwọn yòókù lọ ti rí ìdáhùn.

Ní ọdún 1919 yìí kan náà ni Albert Kitson, onímọ̀ nípa ilẹ̀, rí dáyámọ́ńdì ní àfonífojì odò Birim ní Góòlù Kóòsì, tí ń jẹ́ Gánà lónìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn yìí ti kan àwa Yorùbá. Àwọn ènìyàn wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ejigbo àti àwọn ìlú mìíràn lọ wá ajé ní ilẹ̀ náà kò dúró sórí aṣọ títà nìkan. Àwọn kan wà lára wọn tó gbẹ́ dáyámọ́ńdì, tí wọ́n sì rà á tà, ní agbègbè Akwatia, títí ìjọba Busia ní Gánà fi pàṣẹ ní oṣù November 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mí pé ìwé tó ń sọ ìtàn òkúta yìí kì í sábà dárúkọ wọn.

Ní Sierra Léónè, níbi tí àwọn ẹrú ìran wa tó gba òmìnira ti fìdí múlẹ̀ ṣáájú kí àwọn kan nínú wọn àti ọmọ wọn tó padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta, ọdún 1930 ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní ilẹ̀ Kono. Ní ọjọ́ 14 oṣù February 1972, ibi ìwakùsà tó wà ní agbègbè Koidu bí òkúta kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kárátì 968.9, tí wọ́n sọ ní Ìràwọ̀ Sierra Léónè. Ẹ rántí pé kárátì kan kò ju ìdá márùn-ún gíráàmù lọ. Harry Winston, oníṣòwò òkúta iyebíye ní New York, ló rà á, wọ́n sì gé òkúta kan tó tó kárátì 143 jáde nínú rẹ̀ ní ìrísí onígun mẹ́rin gbọọrọ tí a ké igun rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní emerald cut; ṣùgbọ́n àbàwọ́n wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti tún un pín sí wẹ́wẹ́. Òkúta 17 ni ó jáde nígbẹ̀yìn, 13 nínú wọn kò sì ní àbàwọ́n rárá. Ẹni tó bá ń wo ìrísí yìí fún òrùka kí ó fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n: ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì mọ́ gaara bí omi àfọ̀wọ́bù, nítorí náà kò lè fi àléébù pamọ́ bí róbótó ti lè fi í pamọ́ sáàárín ìtànṣán.

Àwọn ìrísí tó kù kò ní fà wá sẹ́yìn púpọ̀. Wọ́n ní ọba Louis 15 ti ilẹ̀ Faransé ló wà nídìí èyí tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó, nítorí obìnrin kan tó fẹ́ràn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Ilé Asscher ní Amsterdam mú tiwọn jáde ní 1902, Lazare Kaplan mú èyí tó gùn bí ẹyin gbajúmọ̀ ní 1957, ní nǹkan bí 1980 ni princess, onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ mú, sì dé. Láàárín wọn, ní 1947, Frances Gerety ti kọ gbólóhùn ìpolówó tí ilé-iṣẹ́ dáyámọ́ńdì De Beers fi mú kí ayé gbà pé òkúta yìí wà títí láé, bí ìfẹ́ lọ́kọláya.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ìka kò sì dọ́gba. Obìnrin tí ìka rẹ̀ kúrú, òkúta tó gùn a máa mú ìka rẹ̀ dà bí èyí tó ṣe gbọọrọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, èmi kò gbà á nímọ̀ràn láti wọ onígun mímú, nítorí igun náà lè ṣẹ́ bí kò bá sí wúrà tó dì í mú dáadáa. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ó ra princess tàbí ìrísí ẹyin, tí gígé wọn kì í fi òkúta ṣòfò tó ti róbótó, kí ó sì fi róbótó ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó lágbára rẹ̀. Bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó yóò yó. Dáyámọ́ńdì tí ènìyàn fi ẹ̀rọ ṣe, tí ilé-iṣẹ́ General Electric ti ṣe ní 1954, náà ti wà lọ́jà. Dáyámọ́ńdì gidi ni, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti inú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùtà sọ ọ́ fún olùrà.

Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ púpọ̀ ní Sierra Léónè láàárín 1991 sí 2002 nínú ogun tí òkúta yìí ń bọ́. Ìyẹn wà lára ohun tó bí ètò Kimberley, tó wà láti dí òkúta tí a fi ń jagun lọ́nà ọjà, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, ṣùgbọ́n òkúta tí a kò tíì gé ni ìwé rẹ̀ ń bá rìn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń múra ìdána ní Jẹ́ríkò àti níbi gbogbo, mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníwúrà ilẹ̀ tí òkúta náà ti wá, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, kí ẹ sì ka ìwé náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀.