Ọtí Inú Àgbo àti Ipò Aláìsàn: Àfiwé Fìdítì, Ìlọrà àti Ilẹ̀ Róòmù Àtijọ́

Egbò, ewé àti èèpo igi kì í dá ṣiṣẹ́ nínú àgbo. Ohun olómi ni ó ń fa agbára wọn jáde. Ní Fìdítì, Ìlọrà àti àwọn ìlú yòókù ní Afijió, bí ó ti rí níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, omi, omidùn, ẹmu tàbí ọtí líle ni wọ́n fi ń rẹ wọ́n. Egbò kan náà lè wà nínú ìgò méjì. Ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́ ni yóò fi ipò aláìsàn hàn. Omidùn kò ju omi orí ògì lọ, kò sì gbówó lórí. Jíìnì láti Hólàńdì, ohun olówó àti ìjòyè ni.

Ilẹ̀ Yorùbá nìkan kọ́ ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Cato ará Róòmù, tí ó kú ní 149 ṣáájú ìbí Kristi, kọ ìlànà wáìnì olóògùn sínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú ìwé kan náà ni ó ti ní kí àwọn ẹrú mu omi tí wọ́n dà sórí èèpo àjàrà tí wọ́n ti fún. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, Galen, oníṣègùn Marcus Aurelius, ń tọ́ wáìnì Falernian tí ó ti lé ní 20 ọdún wò nínú àká ọba, kí ó lè rí èyí tí ó yẹ oògùn olúwa rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin tún kín ìyàtọ̀ yìí lẹ́yìn. Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 ka sísè ọtí líle léèwọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí jíìnì òkèèrè wọ́n, àwọn ènìyàn yíjú sí ògógóró tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu. Ìjọba ń gba owó-orí lórí jíìnì. Ó ń mú asè-ògógóró. Báyìí ni àgbo olówó ṣe bá òfin mu, tí ti tálákà sì lòdì sí i, bẹ́ẹ̀ egbò inú wọn kò yàtọ̀.

Èyí kò sọ pé ògógóró kò léwu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọtí tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìjọba sì fòfin de ọtí ìbílẹ̀ náà lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ń sè ní ìkọ̀kọ̀ kì í rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò. Galen tọ́ wáìnì wò kí ọba tó mu ún. Tálákà ni ó ń fi ara rẹ̀ tọ́ tirẹ̀ wò.