Ìfilọ̀ Kọ́, Ìfọ̀rọ̀lọ̀ Ni

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde kónílé-ó-gbélé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn Yorùbá tó ń gbé Woolwich àti Thamesmead ní London kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ tí wọn yóò pè é. Orúkọ náà ti wà nílẹ̀ láti ayé ìjọba àwọn ṣọ́jà ní Nàìjíríà. Àjàkálẹ̀ àrùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ìbòmú náà sì tètè bá ẹnu mu. Ọ̀rọ̀ tó há àwa atúmọ̀ lọ́nà ọ̀fun ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún: kí ni ká pe ohun tí káńsù ń ṣe nígbà tó bá ń béèrè èrò ará àdúgbò lórí ilé tí ẹnìkan fẹ́ kọ́, tàbí lórí ìwé ètò tí yóò máa darí àdúgbò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún?

Kí àrùn tó dé, a mọ nǹkan náà lójú bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé kan wà tí wọ́n so mọ́ òpó iná. Lẹ́tà kan wà tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó fún ènìyàn ní ọjọ́ 21 láti fèsì. Ìwé ètò gbàǹgbà wà ní ibi ìkàwé ní Wellington Street, òpópónà kan náà tí gbọ̀ngàn ìlú Woolwich wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1906. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn kánsẹ́lọ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu lè wọ gbọ̀ngàn náà lọ jókòó.

Lójijì, gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn tì. Àwọn tó ń kọ́lé kò tìtorí ìyẹn dá ìwé ìbéèrè wọn dúró. Ìjọba wá yí òfin padà. Láti ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 2020, káńsù lè ṣe ìpàdé láì fi ẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn, kálukú á wà nílé rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, òfin mìíràn ní bí ọwọ́ káńsù kò bá tó lílẹ ìwé mọ́ òpó, lẹ́tà tàbí ìwé ìròyìn, ó lè gba ọ̀nà mìíràn, títí kan orí ìkànnì ayélujára, láti fi tó aráàlú létí. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ní kò pọn dandan fúngbà díẹ̀ kí ìwé ètò ìlú wà ní ọ́fíìsì tí ènìyàn ti lè wá ṣí i wò.

Ó wá di pé kí a túmọ̀ ohun tí kò sí lójú òpó mọ́. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un kò ní ṣàìrí ìjíròrò, àpérò àti ìgbìmọ̀ pọ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Àwọn tó ń jíròrò, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹnu wọn dọ́gba. Àpérò ní pèpéle, ó ní alága àti àlejò pàtàkì. Ìgbìmọ̀ ló léwu jù. Àwọn tó bá gbìmọ̀ pọ̀ ni wọ́n jọ ń pinnu, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe káńsù fúnra rẹ̀ ní ìgbìmọ̀. Bí ìwé kan bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Thamesmead pé "Ẹ wá bá wa gbìmọ̀ lórí ilé gíga tí wọ́n fẹ́ kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún", ó máa gbà pé òun wà lára àwọn tó ń dìbò. Kò sí níbẹ̀. Àwọn kánsẹ́lọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ tí wọ́n yan iṣẹ́ náà fún ló ń pinnu.

Àṣìṣe tó wà lódì kejì ni kí a pè é ní ìfilọ̀. Gbogbo wa la mọ ìfilọ̀. Akọ̀wé ìjọ ló máa ń kà á lẹ́yìn ìwàásù: ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá, ọjọ́ ìsìnkú, ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹnikẹ́ni kì í dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò retí kí a dá a lóhùn.

Àárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wa wà: fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ni wọ́n ń retí èsì rẹ̀. Bí ìdílé ọkọ bá dé, tí bàbá ìyàwó ní "ẹ jẹ́ kí n fi lọ̀ ìyá rẹ̀", kò sọ pé ìyá ni yóò pinnu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò gbà pé ó ti fi lọ̀ ọ́ bí ìyá náà kò bá tíì sọ̀rọ̀. Nítorí náà mo dábàá ìfọ̀rọ̀lọ̀. Ó bá òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Láti inú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá lórí káńsù Brent ní 1985 ni ìlànà mẹ́rin ti wá, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fọwọ́ sí ní 2014 nínú ẹjọ́ tó kan káńsù Haringey: kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ènìyàn nígbà tí ìpinnu ṣì ṣeé yí padà, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ tó tó fún un láti fi òye fèsì, kí wọ́n fún un láyè tó tó, kí wọ́n sì fi tọkàntọkàn gbé èsì rẹ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó pinnu. Kò sí èyí tó sọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí wọ́n ṣe bí ó ṣe wí. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, òótọ́ ni, àmọ́ òwe náà kò sọ pé ọwọ́ olórí ni abẹ wà.

Èyí ló jẹ́ kí ọdún 2020 ṣòro. Níbi tí ọ̀nà èsì bá ti dí, ìfọ̀rọ̀lọ̀ ti padà di ìfilọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ìfọ̀rọ̀lọ̀ sí i lórí gàdàgbà. Ìwé tí wọ́n gbé sórí ayélujára fún ẹni tí kò ní dátà, tàbí tí fóònù ọmọ rẹ̀ ló ń yá lò, kò fi ọ̀rọ̀ kankan lọ̀ ọ́.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí kò sí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa tí kì í ṣe Yorùbá. Kí ni ẹni tó dàgbà sí Èkó tàbí Ìbàdàn ń gbọ́ bí a bá dárúkọ town planning? Ó ń rí ọ̀dà pupa lára ògiri, X ńlá kan, àti katakata tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìrántí yìí ní gbòǹgbò. Àrùn eku wọ Èkó ní 1924, ó sì pa ènìyàn fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wó ibi tí wọ́n pè ní ẹlẹ́gbin, kí wọ́n sì tún un tò. Láti àárín ọdún 1950 síwájú, àjọ náà wó ilé ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Surulere. Òǹkọ̀wé Peter Marris kọ nípa ohun tí ìyẹn ṣe fún àwọn ẹbí wọ̀nyẹn nínú ìwé kan tó jáde ní 1961. Àjàkálẹ̀ àrùn ló bí àjọ ètò ìlú yìí lọ́dọ̀ wa, ó sì bá ìwólé wá sáyé. Ẹni tó bá gba lẹ́tà láti ọ́fíìsì ètò ìlú ní Woolwich lákòókò àrùn, tó sì rò pé wọ́n fẹ́ wá wólé òun, a kò lè bá a wí.

Nítorí èyí, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá lórí ìlú tàbí ilé rárá. Ilẹ̀ ni òfin wọn ń bójú tó: kí ni a lè lò ó fún, ta ni ó lè kọ́lé lórí rẹ̀, báwo ni ilé náà ṣe lè ga tó. Ètò ìlò-ilẹ̀ ni ká pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìtẹ̀wé àìbìkítà lè fi èyí ṣe. Ẹ yọ àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò, bí ọ̀pọ̀ ìwé pélébé ṣe ń ṣe, ilé àti ilẹ̀ á di ohun kan náà, "ile". Olùkàwé kò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìtajà ni wọ́n ń sọ tàbí ilé tí òun ń sùn sí. Nínú ìwé mìíràn, a lè fojú fo ọ̀ràn àmì ohùn. Nínú èyí, ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà wà nínú àmì tí wọn kò tẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni èdè ń dààmú. Àṣẹ ìpàdé orí ẹ̀rọ dópin ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, káńsù Hertfordshire àti àwọn ẹgbẹ́ méjì kan lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n ní òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1972 gbà pé ènìyàn lè wà ní ìpàdé láti ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, àwọn adájọ́ ní rárá: nínú òfin yẹn, ìpàdé ní ibì kan pàtó tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tó sì wà níbẹ̀ ni ẹni tí ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo ẹjọ́ náà dúró lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé pésẹ̀ ni àwa ń wí. Ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fún ìpàdé orí Zoom, àwọn ènìyàn wa ti ní tiwọn: "ẹ wọlé", "ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí laìnì". Wíwọlé ni mo yàn fún ti orí ẹ̀rọ, pípésẹ̀ fún ti gbọ̀ngàn, kí ẹni tó ń ka ìwé ìpè lè mọ̀ bóyá bàtà ni yóò wọ̀ tàbí fóònù ni yóò fi sí iná.

Ọ̀rọ̀ owó wá ni ibi tí mo ti máa ń bá àwọn atúmọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi jà. Ilé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní affordable, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ènìyàn ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí ilé olówó pọ́ọ́kú. Ẹ gbà mí! Láti 2011, oríṣi kan wà nínú rẹ̀ tí owó ilé rẹ̀ lè tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọjà ń pè ní àdúgbò náà. Ní London, ìyẹn kì í ṣe pọ́ọ́kú. Ilé ẹ̀dínwó ni: wọ́n dín nǹkan kúrò níbẹ̀, àmọ́ ó ku iye tó kù. Ìwé ètò London tó jáde ní 2021 ń retí ilé tuntun tó tó 8,000 ní Thamesmead àti Abbey Wood. Àwọn ìdílé tó fi Peckham sílẹ̀ nítorí owó ilé á ti máa fi "pọ́ọ́kú" ṣírò bóyá àwọn ọmọ wọn á lè gbé nítòsí. Ọ̀rọ̀ kan tí a kò fara balẹ̀ yàn lè mú kí ènìyàn fọwọ́ sí ohun tí ì bá bi ìbéèrè sí.

Lórí fọ́ọ̀mù èsì, àpótí mẹ́ta ló sábà máa ń wà: ẹni tó takò, ẹni tó gbà, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ sọ. Àgbàlagbà Yorùbá kì í fẹ́ ní òun takò ẹnikẹ́ni. "A ò ta kò ó o, àmọ́ ilé náà á bo oòrùn mọ́ wa lójú." Èsì rere nìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n lè kà á sí ẹni tó gbà. Mo máa kọ "N kò fara mọ́ ọn" sórí àpótí yẹn, ó rọ ènìyàn lọ́rùn láti fi àmì sí i. Kí a tún sọ fún un ìdí tó tẹ̀wọ̀n lójú òfin: ìmọ́lẹ̀ tí ilé tuntun máa dí, ariwo, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀. Pé iye tí a lè ta ilé wa máa wálẹ̀, tàbí pé a kò ní rí odò Thames láti yàrá mọ́, kò tẹ̀wọ̀n, bó ti wù kó dùn wá tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó wà lójú àpò lẹ́tà fúnra rẹ̀. Káńsù kì í mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ilé, wọ́n kàn ń kọ ọ́ sí onílé tàbí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n fi "Onílé" nìkan túmọ̀ méjèèjì. Ní Thamesmead, níbi tí Peabody, àjọ tó ń fi ilé yáni, ti gba ọ̀pọ̀ ilé ní 2014, ayálégbé pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sì sí ayálégbé tí í ṣí lẹ́tà onílé. Orí tábìlì ló máa gbé e sí títí ọjọ́ 21 á fi kọjá. "Sí ẹni tó ń gbé ilé yìí" ni ká kọ, ká sì kọ orúkọ káńsù sábẹ́ rẹ̀ gbàǹgbà, Greenwich tàbí Bexley, nítorí pé abẹ́ méjèèjì ni Thamesmead pín sí, èsì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ lè má dé ọwọ́ àwọn tó ń pinnu kí àkókò tó tán.