Ìtàn Owó Ìkọ́lé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ilé rírà kò wọ́pọ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ìlú ńlá méjì ní ilẹ̀ Àkókó, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá fẹ́ jáde kúrò nílé bàbá rẹ̀, tàbí tí owó ilé tó ń san fún onílé ti sú, kíkọ́ ni yóò kọ́ tirẹ̀, láti orí ilẹ̀ títí dé orí páànù. Nílùú òyìnbó, ènìyàn ní láti kó owó gọbọi kan síwájú kí báńkì tó yá a ní ìyókù, kó sì wọ ilé tó ti wà nílẹ̀. Ní Àkókó, báńkì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀ owó gọbọi yẹn kò yẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá kí ilé tó dúró, ibi tó sì ti ń wá ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ayé ogun títí di ìsinsìnyí.

Títí di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè àti ẹsẹ̀ àpáta ni ọ̀pọ̀ ará Àkókó ń gbé. Àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bida ló lé wọn síbẹ̀. Wọ́n a máa kó wọn lẹ́rú, wọ́n a sì máa gba owó òde lọ́wọ́ àwọn tó bá ṣẹ́kù. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida, ìkónilẹ́rú náà sì rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀kà kò tilẹ̀ tíì sọ̀ tán. Àwọn àdúgbò rẹ̀ ṣì wà káàkiri lórí àwọn òkè náà, ilé àti àpáta ń du ààyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ilẹ̀ kò gba owó nígbà náà. Ti ẹbí ni. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ kọ́lé yóò gbé obì àti ẹmu lọ bá olórí ẹbí, wọn yóò sì fi ibi tí yóò kọ́ ọ sí hàn án. Amọ̀ kò gba owó, omi odò kò gba owó. Igi àti koríko tí wọn yóò fi bo òrùlé wà nínú igbó. Ọwọ́ ènìyàn ló wọ́n. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rí i.

Ní ọjọ́ ọ̀wẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé á pọn omi wá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á da omi sí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́, wọ́n á fẹsẹ̀ gún un títí amọ̀ yóò fi fà. Wọ́n á bù ú ní ìṣù-ìṣù, wọ́n á máa jù ú sókè sí ẹni tó dúró lórí ògiri. Bí ipele kan bá ti ga díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ, nítorí ògiri tútù kò lè ru ẹrù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ìkọ́lé, tí wọ́n sì ń pe ọ̀wẹ̀ léraléra lórí ilé kan ṣoṣo. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é, onílé ni yóò bọ́ gbogbo ènìyàn: iyán, ọbẹ̀ tó lẹ́ran, ẹmu. Ẹni tí kò bá ní iṣu tó pọ̀ nípamọ́ kò ní dá a láṣà pé òun fẹ́ kọ́lé lọ́dún yẹn.

Ìfipamọ́ kan tún wà tí ojú kò rí. Ẹni tí kì í jáde sí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn, tí kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àáró lóko, tí kò ran àna rẹ̀ lọ́wọ́ rí, yóò pe ọ̀wẹ̀ tirẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ni yóò yọjú. Gbogbo ọdún tí ọkùnrin kan ti fi po amọ̀ fún ará ilé àti ọ̀rẹ́ ni owó tó ti san sílẹ̀ lórí ilé tirẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé àwọn baba wa kò mọ ìfowópamọ́ kò wo ibi tó yẹ kí wọ́n wò.

Owó ẹyọ wà pẹ̀lú, àmọ́ ó wúwo. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, tó ẹrù alágbára kan. Ìkòkò tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ yàrá ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Fún ẹni tí kò fẹ́ kí owó wà ní àrọ́wọ́tó ara rẹ̀, èsúsú wà. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé bó ṣe rí: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá ní àkókò kan náà, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, yóò sì máa yí kiri títí yóò fi kárí. Ó ní òun ló ń jẹ́ kí tálákà lè ṣe ohun tó gba owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí èsúsú nìkan ní 1952. Nígbà yẹn, àṣà náà ti bá àwọn ẹrú sọdá òkun tipẹ́. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Trinidad títí di òní.

Ẹni tí èsúsú kò tíì kàn, tí owó sì ká mọ́, lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé. Owó tó yá kì í sì í dín títí yóò fi san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìsìnkú, àìsàn àti ẹjọ́ ló sábà máa ń ti ènìyàn sínú irú àjàgà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò tọrùn bọ̀ ọ́ nítorí ilé tí ọ̀wẹ̀ lè kọ́.

Páànù ló da gbogbo ètò yìí rú. Koríko ń fẹ́ àtúnbò ní gbogbo ọdún díẹ̀, iná ọyẹ́ sì lè jó odidi àdúgbò kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Páànù kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀wẹ̀ tó lè mú un jáde láti inú igbó. Ìdì-ìdì ni wọ́n ń tà á, 20 nínú ìdì kan, owó lọ́wọ́, ẹrù lọ́wọ́. Kòkó ló sì mú owó náà wá. Ilẹ̀ Àkókó wà níbi tí igbó kìjikìji ti ń di ọ̀dàn, nítorí náà kòkó kò ṣe dáadáa níbi gbogbo. Àwọn kan gbìn ín sí ibi tó ti lè ṣe, àwọn mìíràn lọ dá oko sínú igbó Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó, tàbí wọ́n lọ ṣe lébìrà níbẹ̀. Ní 1954, iye tí àjọ ìjọba tó ń ra kòkó ń san fún àgbẹ̀ dé £200 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ òrùlé páànù ló gun orí ògiri ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín àwọn ọdún yẹn. Nígbà tó fi máa di 1965, iye náà já wálẹ̀ bí ẹni já sí kòtò, ilé tí wọ́n ti mọ ògiri rẹ̀ lórí ìrètí kòkó ọdún tó ń bọ̀ sì dúró bẹ́ẹ̀ láìbò.

Àwọn olówó oṣù ní ọ̀nà tiwọn. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní Nàìjíríà ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba dá tiwọn sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, èyí ló súnmọ́ owó àsansílẹ̀ ti ìlú òyìnbó jù. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa fi iye kan pamọ́ lóṣooṣù. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní nílẹ̀, bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá ṣe onídùúró fún un. Láti orí owó oṣù ni wọn yóò ti máa gé e. Tíṣà kan ní Ìkàrẹ́ lè fi owó àkọ́kọ́ ra ilẹ̀, kó san án tán, kó fi èkejì dé ibi ìpìlẹ̀, kó fi ẹ̀kẹta bò ó. Èlé rẹ̀ kéré, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin ọjà kò ní owó oṣù tí wọn yóò gé. Àjọ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá. Alájọ á máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní ọjà Ìkàrẹ́, káàdì pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ oníbàárà, àpótí 31 lórí rẹ̀, ó ń sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gba owó. Bí oṣù bá parí, yóò kó owó fún onínǹkan, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó náà kì í lé, ó sì ń dín díẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lọ́nà ti báńkì lè pè é ní àdánù. Àmọ́ ìyàwó ilé tó ní ọmọ márùn-ún mọ̀ pé owó tó bá wà nílé kì í pẹ́ nílé. Ní Ìkàrẹ́ tí Mùsùlùmí ti pọ̀, àìsí èlé nínú rẹ̀ tún bá ẹ̀sìn ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Ewu rẹ̀ kò fara sin: gbogbo alájọ kọ́ ló jẹ́ olóòótọ́ bí Alájọ Ṣómólú, alájọ tó bá sá lọ sì ń kó ògiri ilé ẹlòmíràn lọ.

Ìjọba náà gbìyànjú. Wọ́n dá Nigerian Building Society sílẹ̀ ní 1956, òun náà ló di Federal Mortgage Bank ní 1977. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ ìkọ́lé tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1958, àdúgbò Bódìjà ní Ìbàdàn sì ni èso rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù. Kò sí Bódìjà kankan ní Àkókó. Ní 1992 ni òfin National Housing Fund jáde: òṣìṣẹ́ yóò máa dá 2.5% owó oṣù rẹ̀, yóò sì lè yá owó ìkọ́lé ní èlé 6%. Lórí ìwé, kò sí ohun tó dára tó o, nítorí èlé báńkì yòókù ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àmọ́ wọn kì í yá ènìyàn lówó láìsí ìwé ilẹ̀ tó dúró ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí ní Ọ̀kà, tí kò ní ìwé mìíràn ju ẹnu àwọn àgbà lọ, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ná owó àti àkókò ní Àkúrẹ́ kí báńkì tó dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gé owó rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ tí kò sì tìtorí rẹ̀ rí búlọ́ọ̀kù kan.

Ọ̀wọ́n ọjà ló wá sọ owó ìkọ́lé di búlọ́ọ̀kù. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ògiri amọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun àná. Ní 1975, lẹ́yìn àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Udoji, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì tò sí etíkun Èkó, èbúté kò gbà wọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohun ìkọ́lé ṣì wọ́n. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tó fi máa di òpin 1999, dọ́là kan ti lé ní ₦90. Ẹni tó fi owó ilé sí báńkì láàárín ìgbà méjèèjì yìí bá a níbẹ̀, àmọ́ ilé kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá rí owó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá á rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á pe àwọn tó ń lu búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sì lù ú sórí ilẹ̀ náà gan-an. Àpò kan ń mú nǹkan bí 30 jáde. Wọ́n á máa bu omi lù wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lè gan, wọ́n á tò wọ́n jọ, koríko á máa hù láàárín wọn títí owó mìíràn yóò fi dé. Lọ́dún yìí ìpìlẹ̀, lọ́dún méjì sí i ó dé ojú fèrèsé, lẹ́yìn náà líntẹ̀lì. Àlejò tó bá gba ọ̀nà Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ kọjá lè rò pé àwọn ilé tí kò lórùlé yẹn ni wọ́n ti pa tì. Kóló ni wọ́n. Olówó wọn lè wà ní Èkó tàbí ní London, tó ń fowó ránṣẹ́ nígbàkúùgbà, nítorí kò fẹ́ kó jẹ́ pé ilé onílé ni wọn yóò ti ṣe ìsìnkú òun.

Ilẹ̀ tí kò gbowó rí ti wá di ọjà. Nígbà tí yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Ajáṣin báyìí, kó wá sí Àkùngbá láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní 1999, àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ kiri. Pulọ́ọ̀tì ni ẹbí ń gé tà, ọ̀pọ̀ ń rà á ní àsansílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gba rìsíìtì. Ibẹ̀ gan-an ni owó tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kó jọ ti ń ṣòfò jù, nítorí ilẹ̀ kan lè ní ẹni méjì tó ti sanwó lé e. Ohun tí òfin sọ kò lọ́jú pọ̀: bí olórí ẹbí nìkan bá ta ilẹ̀ láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e, bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò wáyé rárá, bó ti wù kí àsansílẹ̀ tó gbà pọ̀ tó.