Ta Ló Kọ́ Tíràǹsísítọ̀ Ní Ìdájọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì tí a ń kà, ẹ̀rọ kan, orúkọ ẹnì kan ni. A ó há a sórí, a ó kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí. Ìtàn kọ̀mpárétọ̀ kò ṣeé há sórí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án.

Kọ̀mpárétọ̀ ni apá kékeré inú ẹ̀rọ tí ń fi fóltééjì méjì wéra, tí ó sì ń sọ èyí tí ó ga ju èkejì lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ sítábíláísà fi ń mọ̀ pé iná ti rẹlẹ̀ jù. Ó dà bí adájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì, ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan ló lè dá.

Ní ọdún 1936, Alan Blumlein, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan: kí fáàfù méjì, irú èyí tí ó wà nínú rédíò àtijọ́, máa pín iná kan ṣoṣo. Èyí tí fóltééjì rẹ̀ bá ga jù yóò gba iná náà mọ́ èkejì lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 1947, Bardeen àti Brattain ṣe tíràǹsísítọ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí a fi tíràǹsísítọ̀ rọ́pò fáàfù, ọgbọ́n Blumlein ṣì ṣiṣẹ́. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítì lọ, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo iná náà tán.

Ṣùgbọ́n bí fóltééjì méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, adájọ́ yìí a máa ṣiyèméjì: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Otto Schmitt, akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ti rí oògùn rẹ̀ láti ọdún 1934, nígbà tí ó ń ṣèwádìí iṣan ìmọ̀lára ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní squid. Ó ṣètò rẹ̀ kí díẹ̀ nínú ìdáhùn padà wá ti ara rẹ̀ lẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí yóò ti tàn yàtọ̀ sí ibi tí yóò ti kú. Ká ní sítábíláísà gbé iná sókè nígbà tí ó wálẹ̀ dé 180, kò ní í jáwọ́ títí yóò fi padà dé 190. Láìsí èyí, ńṣe ni yóò máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ ṣáá.

Ní nǹkan bí ọdún 1965, Bob Widlar ní ilé iṣẹ́ Fairchild kó odindi kọ̀mpárétọ̀ sórí ègé sílíkọ́nì kan ṣoṣo, wọ́n sì pè é ní µA710.

Ta wá ni olùdásílẹ̀? Blumlein kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1942. Kò fojú kan tíràǹsísítọ̀ rí, síbẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú µA710. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Èmi ìbá fẹ́ kí ìdánwò máa bi wá léèrè pé: kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan bá nílẹ̀, kí ló sì fi kún un?