Ìgbafẹ́ Tọkọtaya Àgbà ní Sùúrùlérè láti Ọdún 1955

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ ìtàn ìgbafẹ́. Inú ọ̀rọ̀ ni mo ti bá ìtàn náà pàdé. A ní òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Ẹ̀yìn tí ó fi tì, kí ni ó fi tì? Àwọn baba wa ti dáhùn: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmọ àti ẹbí ni ògiri tí àgbà ń fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ olówó oṣù ni ó mú ògiri kejì wá, èyí tí í ṣe owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ìnasẹ̀ tọkọtaya àgbà, tí a mọ̀ ní Sùúrùlérè, kì í ṣe afẹ́ lásán. Ó rọ́pò ohun kan tí àwọn àgbà pàdánù ní 1955.

1. Ìkíni gẹ́gẹ́ bí ìgbafẹ́

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó àtijọ́, agbo ilé fara kan agbo ilé. Àgbà tí ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó gbafẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò kí ará ilé; bí oòrùn bá rọ̀, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ yóò sì bá a ta ayò. Ọkọ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, aya náà ní tirẹ̀. Òde àríyá ni ó sábà ń mú àwọn méjèèjì jáde pọ̀. Ẹni tí ó ní ará ní òkè odò pàápàá kò ní ìṣòro púpọ̀. Afárá Carter ti wà láti 1901, nígbà tí ó sì di 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré tí à ń pè ní tíráàmù bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìddó sí Èkó. Ó ń ná an títí di 1933.

2. Wíwó ilé ní 1955

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn, èyí tí ó jà ní Èkó láti 1924, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó ní 1955. Eéka 70 ni ètò náà dá lé. Òmìnira ń sún mọ́lé, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ kí olú ìlú dùn ún wò. A kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ilé wọn wó lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Létí àwọn tí a ṣí nípò, bí ẹni ń tu ni nínú ni orúkọ náà rí: sùúrù lérè.

Onímọ̀ àwùjọ ará Bìrìtéènì kan, Peter Marris, ṣe ìwádìí láàárín wọn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ohun tí ó rí kò lọ sí apá kan. Àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù kan fẹ́ràn ilé tuntun náà: ó láyè, ó dákẹ́, ọkọ àti aya àti ọmọ sì dá wà. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ, àwọn ẹbí tí ń ríra lójoojúmọ́ sì di ẹni tí ń ríra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ràn náà ká àwọn àgbà lára, nítorí ẹbí tí ń gbọ́ bùkátà wọn ti jìnnà.

3. Tọkọtaya kan

Ní nǹkan bí 1980, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya kan wà ní òpópónà wa ní Sùúrùlérè. Akọ̀wé tí ó ti fẹ̀yìntì ni bàbá. Ìyá ti ta aṣọ rí ní Èkó. Wọ́n wà lára àwọn tí a wó ilé wọn. Ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì ti fọ́n ká, nítorí náà wọ́n sọ ara wọn di ẹgbẹ́. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá a ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí á nasẹ̀." Wọn a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ sí ìhà pápá ìṣiré ńlá tí a fi gbàlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà ní oṣù kìíní 1973, kí wọ́n lè gba atẹ́gùn. Nítòsí ibẹ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì Victor Olaiya, ọ̀gá afunfèrè tí ó dolóògbé ní 2020. Wọn kì í wọlé; ìta ni wọ́n ti ń gbádùn orin. Nígbà ọdún, wọn a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìṣeré àpapọ̀ ní Igánmú, tí a lò fún FESTAC ní 1977, láti lọ wo eré Yorùbá.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n mú mi dání lọ sí Èkó. Lẹ́yìn tí a kí àwọn ẹbí tí ó kù, bàbá dúró níwájú ilé ìtajà gíga kan. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, yàrá ìyá mi nìyí." Ìyá kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí á máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú." Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ìkíni ni olórí ìjáde wọn. Ìnasẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń dí àyè rẹ̀ ní ọjọ́ tí owó ọkọ̀ kò sí.

4. Àgbálọgbábọ̀

N kò sọ pé àdánù nìkan ni. Aya tí ń bá ọkọ rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, ohun iyì ni lójú mi. Àṣà tuntun tí ó hù lórí ilẹ̀ tí a wó ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ iye tí wọ́n san fún un.

Ní 2023, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gba Igánmú kọjá sí Marina, 90 ọdún lẹ́yìn tí tíráàmù dákẹ́. Ní 2024, aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ná Agbádò sí Oyíngbò, ó ń dúró ní Mushin àti Yàbá. Inú mi dùn sí i. Àgbà Sùúrùlérè lè sọ̀kalẹ̀ ní Èkó láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àmọ́ ojú irin kò lè mú ẹnikẹ́ni dé agbo ilé tí kò sí mọ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí àwọn aláṣẹ bá tún fẹ́ ṣí àdúgbò kan nípò, ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n léèrè, yàtọ̀ sí ibi tí òṣìṣẹ́ yóò gbà dé ibi iṣẹ́: àwọn àgbà ibẹ̀, ta ni wọn yóò máa kí bí ilẹ̀ bá mọ́?