Kí Ẹ̀yìn Tó Kan Ògiri: Ìtàn Òfin Ìgbèjà Ara Ẹni

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tó pa ẹni tó fẹ́ pa á kì í ti kóòtù lọ sílé. Bí àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ bá tiẹ̀ sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà yè, ẹ̀wọ̀n ni yóò padà sí, a sì máa retí kí ọba forí jì í. Òfin Gloucester ti 1278 ló la ètò náà sílẹ̀: kí adájọ́ ròyìn fún ọba pé ọkùnrin yìí gbèjà ara rẹ̀ ni, kí ọba sì dárí jì í bó bá wù ú. Ọba sábà máa ń dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ìwé ìdáríjì tó dé, ẹrù ọkùnrin náà ti di ti ọba, àti màlúù, àti ọkà, àti ìkòkò ìdáná. Wọ́n gbà pé ọ̀ràn kò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì tún kó o lẹ́rù lọ.

Ní 1532, wọ́n yọ ẹni tó pa olè tó fọ́lé rẹ̀ tàbí adigunjalè ojú ọ̀nà kúrò nínú ìyà yìí. Ẹni tí ìjà ojijì bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ẹlòmíràn kò rí àánú yẹn gbà. Títí di 1828 ni gbígba ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adájọ́ ti ń fojú fò ó tipẹ́. Irú ẹni yìí ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ sá sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kan ògiri, kó tó lè ṣe ohun tó lè pa èèyàn. Ilé nìkan ni ibi tí èèyàn kò ti ní sá. Ẹjọ́ Semayne ti 1604 ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí pé ó sọ ilé onílé di odi rẹ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ gbèsè ló gbé wọn dé kóòtù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ògiri yìí púpọ̀. Ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Ohio sọ ní 1876 pé kò pọn dandan kí ọkùnrin tí kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan sá fún ẹni tó fẹ́ pa á. Indiana tẹ̀ lé e ní 1877. Ní 1921, ẹjọ́ kan láti Texas dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ: ọkùnrin kan yọ ọ̀bẹ sí ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ìyẹn lọ síbi tí ó fi ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ sí, ó mú ìbọn, ó yìn ín. Adájọ́ Oliver Wendell Holmes ní a kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀bẹ wà lókè orí rẹ̀ pé kó fara balẹ̀ ronú. Òfin Florida ti 2005, tó ní èèyàn lè dúró síbi tó bá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti wà, láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí òfin náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà yí po. Samuel Griffith, adájọ́ àgbà ní Queensland nílẹ̀ Ọsirélíà, ló kọ ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní 1899. Ìjọba Lugard mú àwòkọ rẹ̀ wá sí Àríwá ní 1904, wọ́n sì sọ ọ́ di ti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1916. Ní 1960, Àríwá tó kọ́kọ́ gbà á náà ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́: wọ́n lọ mú òfin mìíràn láti Sudan, tí Sudan fúnra rẹ̀ mú láti Íńdíà.

Abala 286 ìwé òfin ti 1916 yẹn ṣì wà. Bí ẹni tí o kò ṣẹ̀ bá gbá ọ létí, o lè tì í, o lè dì í mú, o lè gbá a padà kó má bàa tún gbá ọ. O kò gbọ́dọ̀ torí ìgbátí yọ àdá. Bó bá jẹ́ òun ló yọ àdá, tí ìdí tó bọ́gbọ́n mu sì wà láti gbà pé ikú tàbí ìpalára ńlá ń bọ̀, tí o kò sì lè gba ara rẹ là lọ́nà mìíràn, ohun tó bá gbà ni kí o fún un, kódà bó bá máa yọrí sí ikú. Ògiri àtijọ́ sì fara pamọ́ sí abala 287: bó bá jẹ́ ìwọ lo dá ìjà sílẹ̀, tí ẹnì kejì wá fẹ́ pa ọ́, ilé-ẹjọ́ á béèrè bóyá o ti jáwọ́ tí o sì ti sá sẹ́yìn dé ibi tó ṣeé ṣe.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Bird ní 1985 ló wó ògiri náà pátápátá. Ọmọbìnrin kan ń ṣe ọjọ́ ìbí ọdún mẹ́tàdínlógún, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ àtijọ́ wọlé, ọ̀rọ̀ di ìjà, ọmọbìnrin náà gbá a lójú, ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì fọ́ ọ lójú kan. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kò pọn dandan kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun kò fẹ́ jà. Ṣáájú ìgbà náà, nínú ẹjọ́ Palmer láti Jàmáíkà, àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní London ti sọ pé ẹni tí wọ́n kọlù kò lè gbé ìgbèjà rẹ̀ sórí ìwọ̀n bí oníwúrà. Òfin 2008 wá kó èyí sínú ìwé.

Èyí tó le jù lọ ni ẹjọ́ Williams ti 1983. Ọkùnrin kan rí ọ̀dọ́ kan tó ń já àpò obìnrin gbà, ó lé e, ó mú un, ó gbé e ṣubú. Williams wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń kọjá. Kò rí olè, lílù ló rí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó béèrè ohun tó dé. Ọkùnrin náà purọ́ pé ọlọ́pàá lòun. Williams ní kó mú káàdì jáde, kò rí i mú jáde, ni Williams bá gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ohun tí Williams gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni kí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́, bí ó tilẹ̀ ṣe àṣìṣe, bí àṣìṣe náà kò tilẹ̀ bọ́gbọ́n mu.

Ká ní Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, tí Williams bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ní Mọ́kọ́lá, abala 288 yóò gbà á láyè láti gbèjà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé òfin wa kò dúró sórí òótọ́ inú nìkan. Adájọ́ á gbọ́ pé ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, á sì tún bi í léèrè ohun tó rí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tó fi gbà á gbọ́.